Òpó Gólù Tó Hu Ewé

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà níbẹ̀? Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ jù, torí òun ni ọkọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́. Ara tèmi le. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí bí mo bá jókòó, kì í dùn mí bí mo bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà n kì í jókòó.

Aránṣọ ló ń bá mi kọ ọ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Ọlọ́wọ́-àtè tó ń ṣọ́lé fún yín lójú gólù nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi fi ìyẹ̀fun ra á lójú. O ní kí n máa lọ gba fóònù wẹ́dà tó ń jó irin, ká lè máa sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́. Lórí fóònù, kálukú ń pariwo, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan.

Mo lọ wo bọ́ọ̀lù yín ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ó ṣì ń pè ọ́ ní Mákọjá bí ìgbà yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú nípa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni pé ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà nìkan ló ń wò. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn, tí o ti dúró síbi tó yẹ kí ewu tó dé, wọn kì í fi ọ́ hàn. Àfi ìgbà tí ẹnì kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, ìgbà yẹn ni wọ́n á gbé ojú rẹ kún gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà yí i sẹ́yìn ká lè rí àwọn tó dúró. Ó ní ọwọ́ òun kò dé ibẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, àti ìgbà tó ṣáájú rẹ̀, mo wò títí omi fi ń bọ́ lójú mi, mi ò rí ọ rárá, kódà níbi àṣìṣe. Ọmọ kan tí mi ò mọ̀ ló dúró síbi tí o máa ń dúró. Ṣé ara rẹ ni kò yá?

Pápá wà dáadáa. Mo gé ẹ̀ka àwọn òpó gólù lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ewé ti bo okùn tí mo ta sókè láàárín wọn. O rántí bí wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kò jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọbìnrin wọ pápá ilé ẹ̀kọ́, mo wá hú àgbàdo mi kúrò níbi tó tẹ́jú jù nínú oko bàbá mi, mo gé igi ìyeyè méjì tútù, mo rì wọ́n sí apá kan, mo fi òkúta méjì sí apá kejì. Mo gbàgbé pé igi ìyeyè kì í mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́, òpó gólù ti ń hu ewé. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun nìkan ló lè gbin gólù kó sì hù.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ báyìí pọ̀ ju tìgbà tiyín lọ. Ọmọ aránṣọ ló ń ṣọ́lé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló gbé wáyé. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù ti sọnù. Bí o bá rí i rà, fi ránṣẹ́. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn.

Àbúrò mi bíríkìlà, Bàbá Kékeré rẹ, ń rìn káàkiri pápá láti ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mo bi í, ó ní ewúrẹ́ òun ló sọnù. Okùn náà ti gùn jù fún ewúrẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ẹ bá mi kí Ọlọ́wọ́-àtè, ẹ ní ìwé rẹ̀ ṣe é kà ju ti dókítà wa lọ.

Ẹ má dààmú nípa mi. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kí n sinmi. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ẹ rántí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wà, níbi tí a ti ń fọ ẹ̀wù ara wa nínú garawa, tí mo fi odindi ọdún jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ rántí ìkejì tí wọ́n fún mi ní ọ̀já kápútéènì, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, tí ẹ ní ẹ rò pé ọgbẹ́ ni mo dì lápá. Mo ti sinmi rí, mo sì ti dìde rí.

Ọmọ tí ẹ rí níbi tí mo máa ń dúró, èmi ni mo ń kọ́ ọ. Yàrá kan náà la ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Mo kọ́ ọ ní ohun tí ẹ kọ́ mi létí oko nígbà tí ewúrẹ́ bá fẹ́ wọ inú àgbàdo: kó má sáré lé e, kó má wo orí rẹ̀ torí orí máa ń parọ́, kó máa wo ìbàdí, kó sì ti dúró síbi tí ewúrẹ́ fẹ́ gbà kí ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò sin ewúrẹ́ rí láyé òun. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ ìgbáradì, ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ tó yára jù nínú wa láìsá eré kankan, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo gbà á.

Bàbá, ṣé omi máa ń dúró lórí pápá nígbà òjò? Apá ibo ló ga jù, apá òpó ni àbí apá òkúta? Mo kàn ń rántí ilé ni. Ẹ má bá Bàbá Kékeré jà nítorí okùn. Wọ́n lè ní ohun rere lọ́kàn.

Mo di abẹ́rẹ́ náà sínú bébà yìí. Ẹ rọra ṣí i kó má gún yín lọ́wọ́. Ohun kan tún ń bọ̀ tó máa dùn mọ́ yín ju abẹ́rẹ́ lọ.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Aránṣọ ní ìkíni kì í kúrú tó báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dé. A fẹ́ bọ́ọ̀lù náà, ó le bí orí ọmọkùnrin. Ọjọ́ tí ó le yẹn gan-an ni kò sí ibi tí wọ́n máa gbá a sí mọ́.

Oko odò ni mo lọ láti òwúrọ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo rí ojú ọ̀run níbi tí mo ti máa ń rí ewé. Mo rò pé mo ti ṣìnà nínú oko bàbá mi. Mo dé ibẹ̀, mo bá àbúrò mi pẹ̀lú àwọn lébìrà, okùn funfun wà nílẹ̀ láti èèkàn dé èèkàn, àwọn òpó méjèèjì sì ti wó lulẹ̀. Wọ́n gé wọn láti ìsàlẹ̀. Oje ṣì ń jáde.

Mo bi í pé ta ló ní kó gé wọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ yín ló rán mi. Ilé ló fẹ́ kọ́ fún yín. Ó ní kí n má sọ fún yín, kó lè bá yín lójijì."

Mo ní, "Ó ti bá mi lójijì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá fún mi, ibi tí pálọ̀ máa wà, ibi tí ilé ìdáná máa wà, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ilé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé náà máa ní ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe nínú ilé. Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n panu mọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ dé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n dúró sí etí okùn. Ọmọ aránṣọ rìn lọ síbi tí òpó wà tẹ́lẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bi mí pé, "Bàbá, níbo ni kí n dúró sí?"

Mo kó àwọn òpó náà lọ sílé. Mo rì wọ́n sáàárín àgbàdo mi lẹ́yìn ilé. Mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn o, ọwọ́ mi ni kò lè fi igi tútù sílẹ̀ kó gbẹ.

Mo wá ń bi ọ́. Àbúrò mi máa ń parọ́, kò sí ewúrẹ́ tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá èyí náà irọ́ ni. Bó bá jẹ́ irọ́, kọ ọ́ sínú ìwé, kí aránṣọ lè kà á sí i létí níwájú gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ òótọ́, kọ ìyẹn náà. Mò ń dúró.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò rí èsì. Ẹni tó ń pín lẹ́tà máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbí. Ní báyìí, bó bá ti rí mi lókèèrè ló ti ń mi orí, kí n má bàa dìde lásán.

Mo ti gbé àga mi lọ sí àárín pápá. Mo sọ fún ọ pé n kì í jókòó. Mo ti ń jókòó báyìí. Nígbà tí àwọn lébìrà wá gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n bá mi níbẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀ mí, ó halẹ̀ mọ́ mi, ó tún bẹ̀ mí. Mi ò bá a jà, mi ò sáré lé e, mo kàn dúró síbi tó fẹ́ gbà. Ni wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ yí mi ká. Inú pálọ̀ ni mo wà báyìí, ó ní kòtò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Bí òjò bá dé, mo máa ń gbé agbòjò. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ń juwọ́ sí mi, wọ́n ń ní, "Bàbá, ẹ kú oríire ilé tuntun o."

Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ọkọ̀ kan gun bọ́ọ̀lù náà lórí, ó bẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ kò wúlò fún wa mọ́.

Bó o bá ń ṣàìsàn, jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ ọ́. Bí kì í bá ṣe àìsàn, a jẹ́ pé o ti dá mi lóhùn nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ìjókòó. Bàbá Kékeré sọ fún mi pé inú ìpìlẹ̀ lẹ ń gbé. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́.

Òótọ́ ni. Èmi ni mo rán wọn. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ máa ní rárá, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan fún yín. Mo ní kí n pààrọ̀ páànù, ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń jò, pé ẹ kì í sùn sí i. Mo ní kí n fi aṣọ òtútù ránṣẹ́, ẹ ní ẹ ní ọ̀kan. Mo ní kí lẹ fẹ́, ẹ ní abẹ́rẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi fọ́tò ilé bàbá wọn han ara wọn, èmi ń sọ pé bàbá mi kò fẹ́ràn fọ́tò. Ní báyìí tí mo fẹ́ ṣe é, ẹ gbé àga síta gbangba kí gbogbo ayé lè rí i pé ọmọ yín kọ́lé fún yín, ẹ kọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ. Orúnkún mi kì í ṣe orúnkún tó ń sinmi. Ó ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́ ti yọ mí. Kò sí ẹni tó pè mí jókòó sọ ọ́ fún mi. Mo wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ lówùúrọ̀ bí ìṣe mi, mo lọ síbi ìkọ́ aṣọ mi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ àfi èmi, torí mo fẹ́ràn kí n máa rí ẹni tó ń wọlé. Ẹ̀wù tó ní nọ́ńbà mi wà lórí rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí mò ń kọ́ ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù náà. Gbogbo àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń so okùn bàtà tí kò tú.

Ọmọ náà ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ti sọ fún un, ó sì ti gbà. A jọ ń sùn sínú yàrá kan, a jọ ń jẹun, ó ń bá mi fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún, ó sì ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá yà sọ́tùn-ún ńkọ́, níbo ni kí n dúró sí?" Èmi ń dáhùn. Mò ń kọ́ ọ bó ṣe máa dúró síbi tí mo dúró sí. Nígbà tí mo bi í ìdí tí kò fi sọ, ó ní òun ò fẹ́ kó dùn mí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Mò ń bọ̀ wálé ní ìparí ọdún. Mi ò ní ibòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo ní kí aránṣọ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó kà á dé ibi ìkọ́ aṣọ, mo ní kó dúró. Mo jáde lọ wo àgbàdo tí mo ti wò tẹ́lẹ̀. Mo wọlé, mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Mi ò mọ ọmọ tó ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní ilé rẹ̀ kò jìnnà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ǹ bá gbé àga mi lọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ mọ̀, kò sọ. Ó ń bá ọ jẹun, ó ń bi ọ́ ní ìbéèrè, ó mọ ohun tó fẹ́ fi èsì náà ṣe, kò sọ. Ọmọ mi, ìwọ bi mí bóyá omi ń dúró lórí pápá. O bi mí apá tó ga jù. Mo ní ọmọ mi ń rántí ilé. Inú mi dùn débi pé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ dé, mo jáde sínú rẹ̀, mo dúró lórí pápá, mò ń wo ibi tí omi ń ṣàn gbà, kí n lè dá ọ lóhùn dáadáa. Aránṣọ lè jẹ́rìí, òun ló fún mi láṣọ gbígbẹ. Ohun tí wọ́n bù fún ọ níbẹ̀ yẹn, ìwọ ti kọ́kọ́ bù ú fún mi.

Nípa yẹ̀yẹ́, wọ́n ti ń fi mí ṣe é láti ìgbà tí gólù mi ti hu ewé. Kò dùn mí rí, torí nígbà náà ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ń rẹ́rìn-ín tìrẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o dáhùn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi kànga, ó gbòòrò ju pápá lọ, ó sì le ju pápá lọ fún ilé. Àbúrò mi wá jókòó tì mí lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ fi ìpìlẹ̀ sí, pé ìwọ lo ní rárá. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó ń parọ́. Ká ní o bi mí ni, ọwọ́ méjèèjì ni ǹ bá fi fún ọ ní ilẹ̀ yẹn. Kí ló dé tó jẹ́ pápá?

Èmi ni bàbá rẹ.

Èmi aránṣọ ni mò ń kọ ìsàlẹ̀ yìí, Bàbá ti jáde. Mákọjá, ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń dúró sí. Gbogbo ìgbà tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn rẹ ni mo rí jù nínú ayé mi. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ torí mo mọ̀ pé o ò ní kúrò níwájú mi láìké sí mi. "Mò ń lọ sọ́tùn-ún," wàá ké e. "Ó di tìrẹ o," wàá ké e. Lọ́tẹ̀ yìí, o kúrò, o ò ké.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó.

Ohun kan ṣoṣo lẹ béèrè, òun náà ni màá dáhùn. Mo mọ̀ nípa ilẹ̀ ibi kànga. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan pápá ni.

Ilé tí mò ń gbé níbí ga, pápá kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ máa ń wá. Mi ò nílò kí n wo wọn, mo mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún bí wọ́n bá gbá a dáadáa àti bí wọ́n bá gbá a ṣákálá. Mo máa ń ti fèrèsé. Mo wá rò ó pé bí mo bá dé ilé pẹ̀lú orúnkún yìí, ohùn yẹn ni màá máa gbọ́ títí màá fi darúgbó, àti pé kò ní sí fèrèsé tó nípọn tó láti tì í síta. Mi ò fẹ́ wo ọmọ ẹlòmíràn tó ń sáré níbi tí mo ti kọ́ eré sísá. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé kí wọ́n ti ara àwọn òpó bẹ̀rẹ̀, kó má bàa sí ohun tí àwọn ọmọ náà máa pa dà wá bá. Wọn ò fẹ́ ṣe é. Èmi ni mo fi dandan lé e.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mi ò ronú nípa ọmọ Ọlọ́wọ́-àtè. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa rẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé òótọ́ ló sọ, mi ò ké. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ ṣe ilé náà bó bá ṣe wù yín. Màá dé kí ọdún tó yí.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi,

O kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹsẹ̀ ńkọ́?

Aránṣọ ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ó gbé e kalẹ̀, ó pa dà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ tí mo mọ̀ pé ó ti rán tán. Mi ò pè é. Ọjọ́ kejì ló wá ka ìyókù fún mi. Ó ní kí n jẹ́ kó yé ọ pé ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni òun ń kọ lónìí, òun ò ní fi tòun sí i.

Mo ti rò pé ilé lo fẹ́ kọ́, pé o kàn gbé e gba ọ̀nà òmùgọ̀ ni. Òmùgọ̀ ì bá rọrùn fún mi láti gbé mì. Èyí tí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yìí dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun, ibẹ̀ ló sì ṣì wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní sọ fún ọ pé ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n mo ti dìde lórí àga. O ní o ò ní ibòmíràn, n kì í ṣe ẹni tó máa jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ sùn. Ògiri ti ga ju orí mi lọ, wọ́n ti ń kan páànù. Bàbá Kékeré rẹ wá bi mí pé níbo ni kí fèrèsé yàrá rẹ kọjú sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan nípa ilé náà. Mo fi ìka hàn án.

Ẹ̀yìn ilé mi tí kò jìnnà sí pápá ni mo fi hàn án, níbi tí àgbàdo wà. Mo ti kórè rẹ̀, mi ò sì tún gbìn ín. Nígbà tí a ṣán pòròpórò tán, àwọn òpó méjèèjì ló kù níbẹ̀, wọ́n ti hu ewé láti òkè dé ìdajì. Àyè àárín wọn kò fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, torí mi ò wọn nǹkan kan nígbà tí mo rì wọ́n. Àwọn tó ń gbá a wọlé ń ráhùn. Ọmọ aránṣọ kò ráhùn. Mo ta okùn sókè, mo yí òkúta méjì wá sí apá kejì, wẹ́dà ra bọ́ọ̀lù mìíràn. Abẹ́rẹ́ rẹ ti wúlò.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá. Bí o bá ṣí fèrèsé yàrá rẹ, wàá rí wọn. Bí o bá tì í, wàá ṣì gbọ́ wọn. Mi ò ṣe é láti fi gbẹ̀san. Bóyá díẹ̀. Ọmọ kan wà tó ń dúró níwájú ọmọ aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n orí ewúrẹ́ ló ń wò. Mo ti pariwo mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Èmi kò gbá bọ́ọ̀lù rí, kò gbọ́ tèmi.

Mi ò ní kí o wá. Mi ò ní kí o má wá. Mò ń sọ fún ọ kí o tó dé ni, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ.